Omi Ló Dànù àbí Agbè Ló Fọ́? Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Kí Ẹ Ṣì Máa Tún Ọkọ̀ Yín Ṣe tàbí Kí Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọkọ̀ mi kú sí ẹ̀bá títì nítòsí Ògèrè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Oòrùn ń pa mí, bí tíréélà bá ti kọjá báyìí, ọkọ̀ á mì jìgìjìgì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó yà láti ràn mí lọ́wọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó mirí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á kó tó tà yín." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ra rédíétọ̀ sí i. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n kò ní fi ìbínú ta ọkọ̀, n kò sì ní fi ojú àánú tún un ṣe mọ́.

Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ọkọ̀ àtijọ́ náà nìyẹn. Búréèkì tó jẹ, ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀, bátìrì tó kú: omi ni gbogbo wọn, a lè tún omi mìíràn pọn. Ṣáásí tó ti dípẹtà, ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì, wáyà tí omi àgbàrá ti wọ̀: agbè nìyẹn. Ohun tó ń kó wa sí gbèsè ni pé a máa ń fi owó agbè pọn omi, a sì tún máa ń sọ agbè tó dáa nù torí pé omi dànù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye tí ọkọ̀ ń jẹ

Bí mo bá bi ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ léèrè iye tó ná lé e lórí láti ọdún kan, yóò dá mi lóhùn ní "Há, owó ńlá ni o." Kò mọ̀ ọ́n. Ẹyọ-ẹyọ la máa ń san án: ₦3,000 fún fọgánáísà, ₦15,000 fún rewáyà, ₦8,000 "kí wọ́n fi wọkọ̀ lọ ra páàtì." Ẹ má gbára lé ìrántí. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ wá orúkọ mẹkáníìkì, rewáyà àti àwọn tó ń ta páàtì láàárín oṣù 12 tó kọjá. Ẹ wo WhatsApp náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fi líìsì ránṣẹ́ sí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ wá pín in sí òkìtì mẹ́ta.

Òkìtì àkọ́kọ́ ni oúnjẹ ọkọ̀: ọ́ìlì, fílítà, púlọ́ọ̀gì, táyà, páàdì búréèkì. Ọkọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ jáde lánàá pàápàá ń jẹ ẹ́, nítorí náà, ẹ má ṣe kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ yín. Òkìtì kejì ni ohun tó gbó: ṣọ́ọ̀kì, búùṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ẹ́ńjìnnì síìtì. Bí a bá fi ojúlówó rọ́pò wọn, ọdún mélòó kan ni a fi máa ń gbàgbé wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbogbo abẹ́ ọkọ̀ ṣe tán tó wá tà á lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ló bá tún un ṣe.

Òkìtì kẹta ni kí ẹ tẹjú mọ́: àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ohun kan náà tí ẹ ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ ẹ má tíì dá ọkọ̀ lẹ́bi, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń tún un ṣe ni kò tíì rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Tèmi rèé: ọkọ̀ ń hó. Wọ́n ní kí n ra rédíétọ̀, mo rà á. Wọ́n yọ tẹmọsítáàtì sọnù (àṣà tí inú mi kò dùn sí rárá, torí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, epo ló sì máa ń fi jẹ). Wọ́n so fáànù mọ́ bátìrì tààrà kó lè máa yí láìdúró. Síbẹ̀, ó tún hó ní Ògèrè. Nígbà tí ẹlòmíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò, ìdérí rédíétọ̀ ló ti rọ̀ tí kò lè sé èéfín mọ́. Bí ìdérí kò bá sé èéfín, omi inú rẹ̀ á tètè hó. Iye tí mo ra ìdérí tuntun kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo owó tí mo ti ná.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ agbè wò

Ẹ ṣe èyí ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àṣírí.

Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tan ọkọ̀, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn níbi sálẹ́ńsà. Èéfín dúdú: epo ló ń pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ nọ́súlù, púlọ́ọ̀gì tàbí sẹ́ńsọ̀. Omi nìyẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Èéfín funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ṣe nǹkan, ọ̀rinrin lásán ni, pàápàá lásìkò òjò. Àmọ́ bí ó bá nípọn, tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù láìjẹ́ pé ó ń jò sílẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ni kí ẹ fura sí. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá dà bí ẹ̀kọ mímu tí a da mílíìkì sí, omi ti ń wọnú ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọ́ìlì tó ń jó, torí ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn ta ọkọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n tà. Àwọn Camry oní 2.4 lítà ti ọdún 2007 sí 2009, èyí tí a ń pè ní Muscle, gbajúmọ̀ fún àìsàn yìí. Ríìngì písítínì wọn ló fà á, Toyota fúnra wọn sì ṣe ètò àtúnṣe fún un ní Amẹ́ríkà. Bí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, tó ń jẹ ìdajì lítà lóṣù, tí kò nọ́ọ̀kì, ohun tó pọn dandan ni pé kí ẹ máa wo gééjì ọ́ìlì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ní gálọ́ọ̀nù kan nínú búùtù. Ìyẹn kò wọ́n tó ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tó bá di lítà kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ padà wá jókòó.

Lẹ́yìn náà, gíà. Bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fi sí D, kí ẹ kà á: ení, èjì. Bí ọkọ̀ kò bá tíì di mọ́ra kí ẹ tó kà á tán, tàbí tó gbá yín nídìí bí ẹṣin, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò sáré, gíà ti ń ṣàìsàn. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì gíà yọ, bó bá ní in. Àwọ̀ pupa tó mọ́ ni a ń fẹ́. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Gíà àfọwọ́yí (mánúà) yàtọ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà, kílọ́ọ̀ṣì ni yóò jẹ́, kílọ́ọ̀ṣì kì í sì í ṣe ohun tí a ń torí rẹ̀ ta ọkọ̀.

Ṣáásí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, òun gan-an ló sì jẹ́ agbè tí kò ní àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè dáadáa, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan o, kí ẹ wá mú sukurudíráfà kí ẹ fi gún ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn, àti ìdí búùtù. Bó bá wọlé, ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wá láti àwọn ìpínlẹ̀ òtútù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín. Iyọ̀ yẹn ló ń bá irin wọn jẹ láti abẹ́. Ẹni tó ń gbé ẹ̀bá òkun, ní Lẹ́kkì tàbí Bàdágìrì, kó wò ó dáadáa pẹ̀lú. Panẹ́líbítà lè jó irin mìíràn mọ́ ọn, á kùn ún, á dán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, irin tí wọ́n jó mọ́ ìpẹtà kò ní gba ẹnikẹ́ni.

Wáyà ńkọ́? Bí wọ́n bá ti gé wáyà ọkọ̀ yín káàkiri, tí ẹ ń fi súwíìṣì tan fáànù, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn bí ọjọ́ ọdún, ẹ lọ bá rewáyà tó mọṣẹ́ kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ pé àgbàrá ló kún inú rẹ̀ débi àga, ẹ má ṣe bá a ṣọ̀rẹ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ojú kejì

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì yín. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀, kó yé e pé àyẹ̀wò ni ẹ bá wá, kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ má sọ fún un ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, òun náà á rí i. Kó fi ẹ̀rọ síkáànù wò ó, kó sì wọn agbára sìlíńdà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí síkáànù kì í sọ fún yín pé ríìngì ti jẹ tàbí pé fáálùfù kò pa dáadáa mọ́. Bí sìlíńdà mẹ́ta bá dọ́gba tí ìkẹrin wá jìnnà sísàlẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Èmi kì í sọ pé kéèyàn kọ mẹkáníìkì rẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹni tó ti mọ ọkọ̀ yín fún ọdún márùn-ún, tó sì máa ń fi páàtì àtijọ́ tó yọ hàn yín, ẹ dì í mú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣirò

Òfin kan wà tí àwọn ará òkè òkun máa ń sọ: bí owó àtúnṣe bá ju ìdajì iye ọkọ̀ lọ, tà á. Kò bá ilẹ̀ wa mu. Lọ́dọ̀ wọn, owó iṣẹ́ ló wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, páàtì ló wọ́n, ọkọ̀ tí a máa fi rọ́pò rẹ̀ sì wọ́n jù. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra ọkọ̀ ní 2016 fi lè tà á lónìí ní owó tó ju èyí tó fi rà á lọ. Kó má jó ayọ̀ o. Ọkọ̀ náà kò gorí ìyì kankan, náírà ló relẹ̀, owó tó bá gbà kò sì ní ra irú ọkọ̀ náà mọ́.

Ẹ ṣe é báyìí dípò rẹ̀: ẹ yí ohun gbogbo padà sí owó oṣù. Iye tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi tiyín sí i.

Ká ní gíà ọkọ̀ yín ti kú. Gíà tòkunbọ̀, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Belgium, àti owó iṣẹ́, jẹ́ ₦650,000. Bó bá lo oṣù 24, ₦27,000 lóṣù nìyẹn. Àwọn àtúnṣe yòókù, láti inú ìwé yín, jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Bí ẹ bá ta ọkọ̀ náà lónìí bó ṣe wà, ₦1,900,000. Lẹ́yìn oṣù 24, ká ní ₦1,700,000. Ó dín ₦200,000, ìyẹn ₦8,000 lóṣù. Àpapọ̀: ₦85,000.

Ẹ wá wo ìkejì. Ẹ ra òmíràn ní ₦6,500,000, ẹ ná ₦500,000 lórí ìwé àti àwọn àtúnṣe ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 48, ẹ tà á ní ₦4,500,000. Ó jẹ yín ní ₦2,500,000, ìyẹn ₦52,000 lóṣù. Àtúnṣe rẹ̀, ₦30,000. Àpapọ̀: ₦82,000.

Ẹ rí i? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦650,000 dà bí ìyà ní etí wa tí ọkọ̀ ₦6,500,000 sì dà bí ìgbàlà. Ohun tó máa yí ìṣirò náà ni iye oṣù tí àtúnṣe yóò lò. Bí gíà yẹn bá lo oṣù 6 péré, ₦108,000 lóṣù ló jẹ́, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà ní Ládípọ̀ ní Mùṣin, tàbí ní Àràrómì ní Agodi Géètì n'Ìbàdàn, kì í ṣe "Èló ni ìgbẹ̀yìn?" nìkan. Ẹ bi í pé: bí kò bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ mélòó ni mo lè fi dá a padà? Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì.

Ibi tí owó ti wá náà ń yí i padà. Bí ẹ bá yá ₦3,000,000 ní èlé ìdá 2 nínú 100 lóṣù, ₦60,000 ni èlé oṣù àkọ́kọ́ nìkan, ẹ fi kún ₦82,000 yẹn. Ẹni tó ní owó nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ áàpù ayánilówó. Ti áàpù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí i.

Owó tí ẹ ti ná kò sí nínú ìṣirò rárá. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, báwo ni mo ṣe máa tà á?" Owó ẹ́ńjìnnì ti lọ. Ẹ tà á o, ẹ ò tà á o, kò ní padà wálé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀

Tòkunbọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ àtijọ́ ẹlòmíràn ni, àìsàn tirẹ̀ ni ẹ ò tíì mọ̀. Ti yín, ó kéré tán, ẹ mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ẹ ka nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ lára gíláàsì iwájú, kí ẹ fi wé ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 1 ni 2001, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Mo ti rí ẹni tó sanwó 2008 fún ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń pariwo 5. Pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn náà, ẹ lè san owó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ rí ìtàn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà: ìjàm̀bá, àgbàrá, iye máìlì. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni omi bò ní Texas, irú wọn sì máa ń dé orí gbàǹjo. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ fọwọ́ wá ẹrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ wo irin abẹ́ àga bóyá ó dípẹtà.

Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìtíì sọ ẹ́ńjìnnì jí. Iná apò afẹ́fẹ́ yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti pa á, ó sì mọ ìdí tó fi pa á.

Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí náà, ọkọ̀ tó bá gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ láti Kútọnú wá láìsí ìwé lè di ti ìjọba lójú títì. Ẹ fi owó ìwé ọkọ̀, owó ìyípadà orúkọ àti ìbánigbófò kún un. ₦15,000 ni ti ẹni kẹta fún ọkọ̀ ilé láti 2023.

Epo ńkọ́? Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ẹni tó ń wa V6, ọkọ̀ oní sìlíńdà mẹ́fà, kì í ka lítà. Ní báyìí, bí ọkọ̀ yín bá ń mu epo lọ́nà àrà, tí ẹ sì ń ti Ìkòròdú lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́, ẹ kọ epo oṣù kan sínú ìwé fún ọkọ̀ méjèèjì. Fún ẹni tó ń rìn jìnnà, mo ti rí i tó jẹ́ epo nìkan ló dá ẹjọ́.

Ohun tí ìṣirò kò lè sọ

Ta ló ń wọ ọkọ̀ náà? Bó bá jẹ́ ìyàwó yín ló ń fi kó àwọn ọmọ láti iléèwé lálẹ́, ọkọ̀ tó lè kú lójijì kì í ṣe ọkọ̀, bí àtúnṣe rẹ̀ tilẹ̀ pọ́ọ́kú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, tí ẹ kì í kọjá Bódìjà sí Dùgbẹ̀, ẹ lè rọra máa bá a fà á. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́ owó àtúnṣe, nítorí ọjọ́ mẹ́ta láìsí iṣẹ́ lè ju owó páàtì lọ.

Bí ẹ bá pinnu láti tà á

Ẹ má kùn ún. Ọ̀dà tuntun ló ń mú kí ẹni tó mọ ọkọ̀ fura, fáàsì bọ́dì, ìyẹn ọkọ̀ tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tó ní àpá díẹ̀ sì ń tà jù ú lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí éésì rẹ̀ tutù, ẹ kó gbogbo rìsíìtì jọ. Ẹ sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á; bó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kò ní fi í yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ ìwé títà, kí ẹ̀rí wà pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì yí orúkọ padà kí ọkọ̀ tó lọ, torí bó bá gbá ènìyàn lọ́la, orúkọ tó wà lórí ìwé ni ọlọ́pàá máa wá.

Tèmi, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ògèrè, mo tún lò ó fún ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Kò hó mọ́. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n gbé e sókè nítorí búùṣì lásán, mẹkáníìkì fi sukurudíráfà kan ìdí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, ó sì wọlé títí dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí. Mo tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ ta ní páàtì, ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ ṣì dára gan-an. Kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ ìdérí rédíétọ̀ yẹn. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí.